Ojú Ìwé Kan

Ẹni tó bá fẹ́ gbowó ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Mọ̀pà,
lábẹ́ igi kajú tó kọjú sí títì Kàbà,
á kọ́kọ́ kí mi ní "Ọ̀kun o,"
kó tó na káàdì sí mi
bí ìgbà tí èèyàn bá fa ọmọ lé ni lọ́wọ́.

Baba Ọlọ́runtọ́ba kì í rọra sọ̀rọ̀.
Etí wọn ti di,
wọ́n rò pé ti gbogbo wa náà ti di.
"Ení! Ẹ̀sán! Èje! Ẹ̀rin!"
Ọdún tí wọ́n fi páànù bo ilé wọn ni.
Àwọn ọlọ́kadà gbọ́.
Ewúrẹ́ tó ń jẹ èèpo iṣu gbọ́.
Èmi a gbójú sókè, máa wo ewé kajú,
àfi bí ẹni pé ojú ni mo fi ń gbọ́rọ̀.

Mo ní ìwé kan nígbà náà,
ìwé ọmọ ilé-ìwé, epo ti ta sí ẹ̀yìn rẹ̀.
Nọ́ńbà àwọn tó ń ra kírẹ́díìtì ni mo ń kọ síbẹ̀,
orúkọ wọn, gbèsè wọn, báńkì wọn nígbà mìíràn.
Ìyá Ẹkúndayọ̀ méjì ló wà ládùúgbò wa,
mo kọ orúkọ àbísọ wọn kí n má baà ṣì wọ́n mú.
Mi ò mọ̀ pé mo ti ká gbogbo ìlú pọ̀
sínú ohun tí ewúrẹ́ lè jẹ.

Lọ́sẹ̀ tí àwọn oníkajú gbowó,
Báyọ̀dé dé láti Lọ́kọ́ja,
ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, mo pọ̀n ọ́n rí.
Ó ra bisikí, ó já a, kò jẹ ẹ́ tán.
Ó ní, "Àǹtí, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún, ẹ ta ìwé yẹn fún mi.
Nọ́ńbà lásán ni. Ta ni nọ́ńbà pa rí?"
Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní kì í ṣe títà.
Mo wọlé lọ wá ṣéńjì fún un.

Ìṣẹ́jú kan péré.
Mo ti ka ìṣẹ́jú náà láti ọjọ́ yẹn,
mo kà á títí, kò tán.

Ẹnì kan pe Ìyá Ẹkúndayọ̀ lóru,
ohùn jẹ́jẹ́, ohùn ọmọ tó gbẹ̀kọ́.
Ó ní kí wọ́n ka nọ́ńbà mẹ́fà tó wọlé sórí fóònù wọn.
Wọ́n kà á.
Kí ilẹ̀ tó mọ́, owó kajú ọdún kan ti lọ.
Wọn ò sunkún. Wọ́n ní,
"Ó mọ orúkọ tí bàbá mi sọ mí.
Ta ni ì bá mọ̀ ọ́n tí kì í ṣe ẹni wa?"

Èmi ni. Èmi ni mo kọ ọ́ sílẹ̀.

Mo ṣí ìwé.
Ẹ̀rúnrún bisikí wà lójú ewé kọkànlá.
Àwọn àgbà ní ògiri létí,
wọn ò sọ fún wa pé ìwé lẹ́nu.

Orúkọ méjìlélógún ló wà lójú ewé náà.
Mo gba ilé wọn lọ lọ́kọ̀ọ̀kan.
Àwọn kan fún mi lómi.
Ọ̀kan bi mí pé, "Kí lo tiẹ̀ fẹ́ fi orúkọ mi ṣe tẹ́lẹ̀?"
Mi ò rí èsì.
Mo sun ìwé náà pẹ̀lú èèpo kajú.
Èéfín rẹ̀ ta mí lójú fún ọjọ́ méjì.

Lánàá, Baba Ọlọ́runtọ́ba dé.
Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́ mi létí,
wọ́n rọra sọ̀rọ̀, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn:
"Mo ti pààrọ̀ rẹ̀. Ọdún tí ìyàwó mi..."
Mo fọwọ́ bo etí.
"Baba, ẹ má sọ fún èmi náà."
Mo gbé ẹ̀rọ lé wọn lọ́wọ́, mo kẹ̀yìn sí wọn.
Ó pẹ́. Ìka wọn ń táràrà.
Ọlọ́kadà kan ní ká ṣe kíá.
A ò ṣe kíá.