Ère àti Èrè

Ní Bídífọ́ọ̀dù, lẹ́bàá odò Tọ́rijì,
ihò kan wà lára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì,
ó ga tó ọmọ ọdún mẹ́ta.
Ère ẹni mímọ́ kan ti dúró níbẹ̀ rí.
Wọ́n fi òòlù fọ́ ọ lọ́jọ́ Ẹtì kan,
wọ́n ní Ọlọ́run kì í gbé inú òkúta.
Mo ti ọwọ́ bọ ibẹ̀. Òtútù nìkan ni mo bá.

Òjò lé mi wọ ilé ìwé àtijọ́.
Ìyáàfin tó ń ṣọ́ ibẹ̀ gbé ìwé ìṣirò owó kan síwájú mi,
awọ màlúù ni wọ́n fi dì í, eku ti jẹ ẹ́ létí.
Lókè ojú ewé kọ̀ọ̀kan: Ògo ni fún Ọlọ́run.
Lábẹ́ rẹ̀: ìṣó, àgbá mẹ́rìnlá;
ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ aró, àpò méjì;
Bíbélì, mẹ́fà; ìbọn, ogún;
ọtí bíà, má wulẹ̀ béèrè iye.

Ìfaradà lorúkọ ọkọ̀ ojú omi náà.
Ìpín mẹ́rìndínlógún ni wọ́n pín in sí.
Mẹ́fà ti Bátólómíù Píìkì, oníṣòwò irun àgùntàn.
Ìdajì ìpín kan ti Wílímọ́tì Ṣóòpù, aya ẹni tó ń kan àgbá,
tó ta abo màlúù méjì
torí oníwàásù ní Kénáánì ń bẹ lókè òkun
àti pé owó tó bá lọ síbẹ̀ á bí ìlọ́po mẹ́wàá.
Ìpín kan, ti Ọlọ́run.
Mo tún un kà. Bẹ́ẹ̀ ni.
Àárín oníyọ̀ àti ẹni tó ń rán ìgbòkun ni wọ́n kọ ọ́ sí.

Wọ́n gbé ère sọ̀ kalẹ̀ lára ògiri,
wọ́n gbé èrè gun orí pẹpẹ.
Ohùn nìkan ló yí padà.

Dígórì, ọkọ Wílímọ́tì, bá ọkọ̀ náà lọ.
Ó ń sá fún bíṣọ́ọ̀bù tó bu owó ìtanràn lé e
pé kò kúnlẹ̀ níbi tí wọ́n ní kó kúnlẹ̀.
Ó tún ń sá fún gbèsè.
Èwo ló wúwo jù? Bóyá òun náà kò mọ̀.
Oṣù kọkànlá ni lẹ́tà rẹ̀ dé:
“A ti kọ́ ilé Ọlọ́run kan, abà tábà méjì.
Ẹni tí kò bá wá sí ìsìn, à ń bu owó ìtanràn lé e.
Fi ìṣó ránṣẹ́. Àdúrà kò wọ́n wa.
Wọ́n sọ fún wa pé ilẹ̀ yìí ṣófo,
àmọ́ àgbàdo ti yọmọ lórí rẹ̀ ká tó sọ̀ kalẹ̀.
Ẹni tó gbìn ín ń wò wá láti ẹ̀yìn igi.”

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ.
Wọn ò wolé, wọn ò bèèrè onílé,
wọ́n mú orúkọ ìlú yìí, wọ́n fi sọ oko olóko.

Ìfaradà padà wálé, tábà kún un dé ọrùn.
Àwọn aláàárù ń sín títí dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì,
oníwàásù dá ọ̀rọ̀ dúró, ó ní ká dúpẹ́.
(Ìyá bàbá mi a máa ju áṣáà sábẹ́ ahọ́n
kó tó lọ sí ìsìn òwúrọ̀.
Kò gbọ́ orúkọ Bídífọ́ọ̀dù rí títí ó fi kú.)

Ní ìrìn kejì, ìjì gba ẹrù. Àdánù dé.
Wọ́n jókòó, wọ́n mú kálàmù.
Ìpín ta ni wọ́n kọ́kọ́ gé?
Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi, ìyáàfin náà gbójú sókè.
Ìlà kan ṣoṣo, tààrà, lórí orúkọ Ọlọ́run,
tàdáwà rẹ̀ ò tíì ṣá.
Ti Wílímọ́tì ló tẹ̀ lé e.
Ti Píìkì dúró.

Wílímọ́tì ò mọ̀wé. Níbi tó yẹ kó fọwọ́ sí,
ó ya màlúù kékeré kan,
ìwo méjì, ẹsẹ̀ mẹ́ta.
N ò mọ̀ bóyá eku ló jẹ ìkẹrin.