Abẹ Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún

Aago méje kò tíì lù ní Rotherham,
òjò winniwinni ń rọ̀ sórí òrùlé ilé ẹ̀kọ́,
mo ti wà ní yàrá ẹ̀yìn,
èmi tí orúkọ mi kì í sí lára ilẹ̀kùn kíláàsì,
èmi tí mo máa ń to ohun tí olùkọ́ yóò fi jẹ́ olùkọ́.

Maikirosikópù mẹ́wàá. Ọ̀kan ń ṣe orí kunkun:
bí o bá yí i sọ́tùn-ún, òsì ló ń lọ.
Àlùbọ́sà méjì láti ilé mi,
áyódìn nínú ìgò dúdú,
kòkòrò ogún tí mo ṣà lábẹ́ bíríkì ẹ̀yìnkùlé lálẹ́ àná,
wọ́n ká ara wọn jọ bí ìlẹ̀kẹ̀.
Mo bẹ̀ wọ́n: ẹ má bínú,
bí ilẹ̀ bá ṣú, ẹ ó padà sílé.
Apá kan àwo tutù, apá kan gbẹ,
ẹsẹ̀ yín ni yóò sọ èyí tí ẹ fẹ́.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ mo yà lọ́dọ̀ Hirst alápatà.
"Ọkàn àgùntàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Jọ̀ọ́, má gé iṣan orí rẹ̀ kúrò."
Ó rẹ́rìn-ín. "Kí lẹ fẹ́ fi wọ́n sè?"
Mo ní, "Ìmọ̀ ni."

Ní Ìkìrun, ṣọ́ọ̀kì ni tísà fi ya ọkàn fún wa,
pupa lápá kan, búlúù lápá kejì.
A dà á kọ, a kọ́ ọ sórí, a gba máàkì.
Ọkàn ni a fi ń fẹ́ràn ẹni,
ọkàn ni a fi ń rántí gbèsè,
ta ló sọ fún wa pé ọkàn ní okùn nínú?
Irun mi ti ń funfun kí n tó rí i.
Ìròyìn ò tó àfojúbà.

Wọ́n wọlé, ọgbọ̀n ọmọ, ariwo bí ẹyẹ ẹ̀gà.
Tegan fi ọwọ́ bo imú, ó ní òun yóò bì.
Miss Ackroyd kò dá a lóhùn, ó bu omi,
ó dà á sínú iṣan ńlá láti òkè.
Omi dúró.
Ilẹ̀kùn aláwẹ́ mẹ́ta ti pa dé,
nínú ọkàn tó ti kú láti ọjọ́ mẹ́rin!
Ọwọ́ Tegan kúrò nímú.
Kò pẹ́, ìka rẹ̀ ti wọlé dé ọrùn ọwọ́.

Haroon nìkan ni kò sọ̀rọ̀.
Ó la tirẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń ṣí lẹ́tà onílẹ́tà,
ó rí àwọn okùn funfun tó di ilẹ̀kùn mú,
tẹ́ẹ́rẹ́, bí òwú ìránṣọ.
"Miss, ṣé èyí ló já nínú bàbá mi àgbà?"
Yàrá pa lọ́lọ́.
"Ó ṣeé ṣe. Kí ni wọ́n ṣe fún wọn?"
"Wọ́n là wọ́n ní Sheffield, wọ́n sì rán an."
Ó fa okùn náà díẹ̀. Ó tún fà á.
Kò já.

Aago lù, wọ́n tú jáde, mo ń ka abẹ.
Mẹ́rìnlá.
Mo tún un kà. Mẹ́rìnlá.
Abẹ tó sọnù nílé ẹ̀kọ́, oorun tó sọnù ni.
Mo wo abẹ́ síǹkì, mo tú garawa ìdọ̀tí,
mo gbójú sókè: Haroon ṣì wà lẹ́yìn,
ó ń fi pẹ́ńsù ya okùn wọ̀nyẹn, ọ̀kọ̀ọ̀kan,
abẹ náà ti mọ́ tónítóní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé rẹ̀.
Ó na èèkù rẹ̀ sí mi, bí a ti kọ́ wọn.
Mo kọ "mẹ́ẹ̀ẹ́dógún" sínú ìwé.
N kò ní kó dìde.

Àwọn kòkòrò mi ti kó jọ sápá ibi tó tutù.
Aago mẹ́rin péré, ilẹ̀ ti ń ṣú níta,
mo gbé àwo wọn mọ́ àyà,
mo ń wá bíríkì tí mo ṣí.