Awò Sọ̀kalẹ̀, Awọ Gòkè

Bàbá mi ga bí igi páìnì ẹ̀yìn ilé wa ní Kuhmo.
Apá rẹ̀ gùn, ọrùn rẹ̀ gùn,
ó ní láti tẹrí ba kó tó wọ sáúnà.
Ìyá mi ni èmi jọ: mo kúrú, mo sì ki.
Nígbà tó kú, a pín ohun ìní:
Ahti gba ọkọ̀ ojú omi, Saimi gba aago ògiri,
ìbọn kàn mí.

Ọdún mẹ́ta ni mo fi gbé e bí ẹni wọ ẹ̀wù àgbà.
Ìdí rẹ̀ a há sí abẹ́ apá kóòtù mi,
kí n tó fà á yọ, ẹran ti di ìtàn.
Bí mo bá gbé e dé èjìká tán,
awò orí rẹ̀ a wà lókè réré,
n óò na ọrùn bí adìẹ tó ń yọjú wo ọgbà ẹlòmíràn,
ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi a kúrò lára igi, a rọ̀ sí òfuurufú,
àgbọ̀n mi nìkan ló ń kan ìbọn.
Kí ni mo ń rí? Òkùnkùn roboto,
ìmọ́lẹ̀ tín-ín-rín létí kan bí oṣù tuntun.
Lọ́jọ́ kan mo sún mọ́ ọn jù, mo yìn ín,
etí awò gé mi lókè ojú.
Ẹ wò ó, àpá rẹ̀ nìyí. Oṣù tuntun lòun náà.

Àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ ọdẹ rẹ́rìn-ín nídìí iná,
wọ́n ń yan sọ́séèjì.
"Fara dà á, Hilkka. Ìbọn kì í ṣe tìmùtìmù."
Mo fara dà á.
Èjìká mi pọ́n, ó dúdú, ó di àwọ̀ ewé títí dé Kérésì.

Veijo Karppanen ni kò rẹ́rìn-ín.
Alágbẹ̀dẹ ìbọn ni, ìka mẹ́jọ ló kù lọ́wọ́ rẹ̀,
ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ń rùn fún òróró àti kọfí tó ti jóná.
Ó ní, "Di ojú rẹ. Gbé e sí èjìká bó ṣe rọ̀ ọ́ lọ́rùn.
Fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lélẹ̀ bí ẹni fẹ́ sùn.
Ó yá, lajú."
Mo lajú. Abẹ́ awò ni mo ń wò, irin lásán.
"Ṣé o rí i? Ìwọ kọ́ lo ṣẹ̀. Aṣọ tí kò bá ni mu,
a kì í gé apá ẹni tó wọ̀ ọ́,
télọ̀ là ń gbé e lọ bá."

Ó fi okùn wọn apá mi, láti kọ̀rọ̀ ìgúnpá
dé oríkèé ìka tí mo fi ń yìnbọn.
Ó fi pẹ́ńsùlù fa ìlà sára ìdí ìbọn, ó gbé ayùn.
Mo ní, "Dúró."
Ibẹ̀ ni àtẹ́lẹwọ́ bàbá mi máa ń wà bó bá ń sinmi lórí kùkùté,
igi náà ti dán níbẹ̀.
Veijo dúró. Ó bu kọfí fún mi, kò sọ nǹkan kan.
Mo mu ún tán. Mo ní, "Gé e."

Ìbú ìka méjì péré ló bọ́ sílẹ̀.

Ó yọ òrùka irin gíga, ó fi kúkúrú rọ́pò rẹ̀;
ó ku kí awò fẹnu kan irin ìbọn,
ìwé kan ló lè gba àárín wọn kọjá.
Ó ká aṣọ onírun lé igi lórí, ó fi awọ bò ó,
ó dì í lókùn bí ẹni di bàtà ọmọdé.
Awò sọ̀kalẹ̀, awọ gòkè,
ojú mi pàdé wọn láàárín.

Oṣù Kẹwàá, ìrì ti dì sórí koríko irà.
Ajá Saimi gbó lẹ́ẹ̀mejì, ó dákẹ́.
Hirvi jáde láàárín àwọn igi eléèpo funfun,
abo ni, ọmọ rẹ̀ ń tẹ̀lé e, ẹsẹ̀ gùn ju ọgbọ́n lọ.
N ò rántí pé mo gbé ìbọn.
Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ti wà lórí awọ,
ayé kún inú awò fọ́fọ́, kò sí òjìji létí,
mo lè ka irun imú rẹ̀, èémí rẹ̀ ń rú bí èéfín.
Ọrùn rọ̀ mí. Mo lè wà bẹ́ẹ̀ dalẹ́.
N kò yìn ín.
Ahti bi mí lórí rédíò, "Kí ló dé? Ṣé awò tún ṣókùnkùn ni?"
Mo ní rárá, mo ríran dáadáa ni.

Ègé igi náà ńkọ́?
Ó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn sáúnà, òun la fi ń há a.
Ẹni tó bá ga, kó tẹrí ba kó tó wọlé.