Àga Gbọọrọ

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wọlé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun,
ó gbé fóònù sókè bí ẹni ń wá oṣù ààwẹ̀,
ó ya àga gbọọrọ ẹnu ọ̀nà wa, ó ya ọ̀dẹ̀dẹ̀,
ó ní, "Ẹ̀yin ará Ìbàdàn, ẹ fojú ara yín rí i!
Wọ́n ní àrùn ń pààyàn. Àwọn aláìsàn dà?"
Súlè ẹ̀ṣọ́ ní kó máa lọ. Ó lọ.
Èmi jókòó ti àpótí káàdì, n ò sọ nǹkan kan.

Ọdún kọkànlélógún rèé tí mo ti ń pín káàdì
ní ọsibítù yìí, ní gẹ̀rẹ́gẹ́rẹ́ Òkè-Àrẹ̀mọ.
Ọjọ́rú ni ti àwọn ẹlẹ́jẹ̀ ríru.
Láti aago márùn-ún ìdájí ni wọ́n ti ń gba àyè:
ẹni fi bàtà, ẹni fi ṣágo, ẹni fi òkúta.
"Èmi ni mo ṣáájú ẹ dé!" Ariwo yẹn,
mo ti bú wọn nítorí rẹ̀ rí.
Ní báyìí, alángbá ló ń sùn lórí àga.

Bí mo bá fẹ́ dá ọmọ yẹn lóhùn, káàdì ni ǹ bá kà fún un.
Ìyá Rábíátù, Ìdí-Arẹrẹ: kò wá.
Ìjọba ti ìlú pa, mọ́tò kò sí,
ẹsẹ̀ tó wú kò lè gun òkè.
Bàbá Oyèédépò: kò wá.
Ó ránṣẹ́ pé ikọ́ lásán ló ń ṣe òun,
ṣùgbọ́n bí òun bá wúkọ́ níwájú wa, a ó há òun mọ́lé.
Aláboyún Ọjà'ba: kò wá. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló gbẹ̀bí.
Àwọn onípàá tí à bá là lábẹ,
dókítà ló ní kí wọ́n ṣì ní sùúrù,
kí bẹ́ẹ̀dì lè wà nílẹ̀ de ẹni tí kò tíì dé.
Àwọn tí ọ̀kadà ń dá lẹ́sẹ̀ ní Mọkọ́lá ńkọ́?
Ọ̀kadà ń sùn, egungun ń sinmi.
Ìyẹn nìkan ni mo dúpẹ́ fún.

Ilé tó dákẹ́ kọ́ ni ilé tó ṣófo.
Lẹ́yìn ọgbà, níbi tí fóònù kò dé,
fèrèsé kan ń tanná mọ́jú.
Nọ́ọ̀sì Mopélọ́lá jáde níbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ọ̀rá,
ó da òógùn nù nínú ìbọ̀wọ́ rẹ̀.
Ó ní bẹ́ẹ̀dì mẹ́sàn-án, ènìyàn mẹ́sàn-án.
Kò sọ jù bẹ́ẹ̀. Ó bèèrè bóyá gààrí ṣẹ́kù.

Nígbà tí wọ́n ṣí ìlú, ọmọ Bàbá Oyèédépò wá jíṣẹ́.
Mo fa káàdì yọ. Kò wá, kò wá, kò wá,
láti òkè dé ìsàlẹ̀, ìkọ̀wé èmi náà ni.
Mo fi "mọ́" kún ti ìgbẹ̀yìn.

Òkúta rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ àga,
pẹlẹbẹ, ó dúdú níbi tí ọwọ́ ti ń dì í mú.
Mo gbálẹ̀ yí i ká.