Àga Morẹ́nìkejì

Akínfẹnwá yí ojú kọ̀ǹpútà sí mi
ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ìjìgbò, l'Ádó.
Ó ní, "Màmá, ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì,
itan yín ni àga rẹ̀,
ìdá kan nínú mẹ́wàá lẹ ó san.
Ṣùgbọ́n ẹ wo ọjọ́ ìbí rẹ̀."
Mo wò ó.
Ọjọ́ kejìlá la ó lọ,
ọjọ́ kejìlélógún ni yóò pé méjì,
ìparí oṣù la ó padà.
Ọmọ tí yóò gun itan lọ
kò ní í lè gun itan bọ̀.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà dé Ìkẹ́rẹ́.
Ìyá mi ń fẹ́ iná lábẹ́ ìkòkò iṣu,
kò tilẹ̀ gbójú sókè.
"Ta ní ń sanwó ẹ̀yìn?
Mo pọ̀n ọ́ dé Ìláwẹ̀, mo pọ̀n ọ́ dé Àkúrẹ́,
mo pọ̀n ọ́ nínú ọkọ̀ akẹ́rù lọ sóko kòkó,
kò sí kọ̀ńdọ́ tó bi mí léèrè rẹ.
Sọ fún wọn pé kò tíì pé méjì.
Ta ni nínú wọn ló gbẹ̀bí ẹ̀?"
Ìyá, ìwé ìbí ń bẹ.
Ìwé kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀.

Bàbá rẹ̀ pè láti ọ̀hún:
"Ra ti itan, ká fi ìyókù kún owó ilé."
Itan tirẹ̀ kọ́.

A gbé Morẹ́nìkejì sórí òṣùwọ̀n kòkó,
kílò mẹ́tàlá.
Ibùsùn kékeré tí wọ́n ń so mọ́ ògiri bàálù
kò gbà ju mọ́kànlá lọ.
Uyán ìyá mi ló wà nínú kílò méjì yẹn,
ta ni mo fẹ́ bínú sí?

Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ńkọ́? Yóò fẹ́ ṣí i.
Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, kẹ̀kẹ́ oúnjẹ á gbá a lẹ́sẹ̀.
Ìlà iwájú, wọ́n ń gbowó ẹsẹ̀ gígùn lọ́tọ̀,
ẹsẹ̀ ọmọ náà kò sì gùn ju ìka ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ.
Ẹ̀yìn pátápátá, ẹnu ilé ìgbọ̀nsẹ̀:
bóyá ibẹ̀ gan-an ló dára jù fún wa.
Wákàtí mẹ́sàn-án.
Kílò mẹ́tàlá fún wákàtí mẹ́sàn-án
lórí ikùn tí abẹ́ là, tí kò tíì gbàgbé.
Orúkọ rẹ̀ ní mo ti rí ẹnìkejì.
Orúkọ ò sọ ibi tí ẹnìkejì yóò jókòó sí.

Mo padà lọ bá Akínfẹnwá.
Mo ní, "Ra àga. Àlọ àti àbọ̀."
Ó wò mí bí ẹni pé mo ra ilẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, a dán an wò:
àga ike méjì lórí fàráńdà,
ojú wọn sí Olósùnta,
gèlè àtijọ́ ni bẹ́líìtì.
Mo ní, "Bàálù ti gbéra o, má dìde."
Ó jókòó. Ó wo òkúta.
Òkúta kò kúrò.
Mo kà dé mọ́kànlá,
ó ti yọ́ bọ́ bí ilá,
ó gun itan mi,
ó fi orí lé àpá abẹ́ náà gan-an.
Àga tí mo torí rẹ̀ jẹ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní gbèsè
ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa.
Bàtà rẹ̀ ẹsẹ̀ kan ló kù níbẹ̀.

Ni ìyá mi bá nu ọwọ́ lára ìró,
ó gbé bàtà kúrò, ó jókòó,
ó so gèlè mọ́ ìbàdí.
Ìyá mi tí kò kọjá Ìbàdàn rí.
Kò bi mí pé èló ni.
Ó ní, "Ẹ sọ fún ẹni tó ń wà á
kó rọra."