Kẹ̀kẹ́ Idwal

Nínú ilé èédú kékeré lẹ́yìnkùlé màmá wa,
lábẹ́ àpò símẹ́ǹtì tó ti di òkúta,
ni mo ti bá a, ó kọjú sí ògiri bí ọmọ tí wọ́n fìyà jẹ.
Kẹ̀kẹ́ orí òkè, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí ẹnikẹ́ni kò gùn ún,
àwọ̀ elésè-àlùkò tí ẹ̀gbọ́n mi
fi owó ìwé ìròyìn tó ń pín láràárọ̀ rà.

Blaenau nìyí, ìlú tí òjò kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé,
tí òkè rẹ̀ jẹ́ àfọ́kù òkúta òrùlé,
tí ojú ọ̀run àti orí ilé jọ wọ aṣọ kan: eérú.
Ìpáàrà ti jẹ ṣéènì náà
títí ó fi le gan bí ejò tó kú sẹ́nu ọ̀nà.

Meurig, tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀ ojú irin,
yí i po lẹ́ẹ̀kan, ó fi èékánná kan irin rẹ̀,
ó tẹ́tí bí ẹni tó ń ra ìkòkò.
“Egungun rẹ̀ yè kooro. Ìyókù, ẹran lásán ni.”
Ó wá fọwọ́ kan ọ̀pá ìjókòó. Ó mi orí.
“Èyí ò ní jáde. Álúmíníọ̀mù nìyẹn, irin nìyí,
omi òjò ló so yìgì fún wọn.”

Mo gbé e padà sílé, mo tú u:
bóòtù sínú agolo bisikíìtì, nọ́ọ̀tì sínú ife,
wọ́ṣà kan yí lọ sábẹ́ fíríìjì, ó wà níbẹ̀ dòní.
Mo fi búrọ́ọ̀ṣì eyín fọ eyín jíà.
Níwájú, níbi tí mẹ́ta ti ń bá ara wọn jà,
ẹyọ kan ṣoṣo ni mo fi sí i; mo kó mọ́kànlá tuntun sẹ́yìn.
Ọwọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ tóóró bí ìwo ewúrẹ́;
mo fi èyí tó fẹ̀ rọ́pò rẹ̀,
ká lè dì í mú bí ẹni di màlúù níwo.
Táyà tó sanra jù lọ tí egungun náà lè gbà.

Àwọ̀ ńkọ́? Lleucu ọmọ mi ní ká kùn ún ní dúdú.
Mo ní rárá. Ibi tó họ yẹn, lápá òsì,
ògiri ilé-ìwé wa ló họ ọ́,
èmi ni Idwal gbé síwájú lọ́jọ́ náà.

Ó ku ọ̀pá.
Wọ́n ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.
Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi fẹ̀sọ̀ mú un:
epo, omi gbígbóná, yìnyín,
àdúrà tí mi ò gbà láti kékeré.
Kò mira.
Lọ́jọ́ kejìlá mo fi fáìsì fún orí rẹ̀ pa,
èmi àti Lleucu di egungun kẹ̀kẹ́ mú,
a fi gbogbo ara lọ́ ọ bí aṣọ tútù.
Ó ké. Àní mo ní ó ké,
ajá àwọn aládùúgbò wa dá a lóhùn.
Ó sì jáde pẹ̀lú omi pupa,
òjò àwọn ọdún tí mo ti gbàgbé.

Mo fi àkísà nù ún.
Ìlà kan wà lára rẹ̀ tí wọ́n fi ìṣó họ:
ibi tí ẹsẹ̀ Idwal ga dé, kó má baà ṣì í
lẹ́yìn tó bá ti rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ fún mi.
Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá tuntun, mo wọn tèmi.
Ìka méjì ni mo fi ga jù ú lọ.

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni
nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù gbá a lọ́nà Dolwyddelan.
Mo ti di ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta.
Àbúrò ti dàgbà ju ẹ̀gbọ́n lọ,
síbẹ̀ ẹ̀gbọ́n ni mo ṣì ń pè é.

Ní Sátidé mo gùn ún lọ sókè, níbi ìwakùsà àtijọ́.
Ṣéènì yọ lẹ́ẹ̀mejì. Àgùntàn kan kọ̀, kò kúrò lọ́nà.
Bíréèkì tuntun mú jù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi ṣánlẹ̀,
mo sọ̀ kalẹ̀, mo dẹ wáyà rẹ̀ díẹ̀ nínú òjò.
Ọ̀pá àtijọ́ wà nínú báàgì mi.
Mi ò mọ ohun tí mo mú un dání fún.