Ìpàdé Wọ́ọ̀dù ní Alẹ́ Ọjọ́bọ̀

Doreen Entwistle ló ni kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngán náà;
ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti so ó mọ́ ọrùn.
Ó ṣílẹ̀kùn, ó tanná, ó gbé kẹ́tùlù kaná,
ó to àga sápá méjì.
Kò sọ fẹ́nì kankan pé kó jókòó síbì kan,
síbẹ̀ kálukú mọ ibi tí ìdí rẹ̀ yóò gbé sinmi:
àwọn ti Clifford Hesketh lápá fèrèsé,
àwọn ti Rukhsana Mirza lẹ́bàá ilẹ̀kùn,
èmi akápò láàárín, èmi àti ìwé ìṣirò
àti pọ́n-ùn mẹ́tàdínlógójì tó kù lápò ẹgbẹ́.

Àkọsílẹ̀ ìpàdé tó kọjá gba ogójì ìṣẹ́jú.
Ọ̀rọ̀ kan péré la jà lé lórí:
ṣé ìpàdé gba ìròyìn Clifford ni, àbí ó kàn gbọ́ ọ?
“Gbà” ni tàbí “gbọ́”?
Fáwẹ̀lì kan, ilé sì dàrú.

Rukhsana dìde: “Ẹ̀yin lẹ sùn lórí ẹgbẹ́ yìí
títí ó fi hu ewú.”
Clifford ò dìde, orúnkún ń dùn ún:
“Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dé lánàá, ẹ ti ń wó ògiri
kẹ́ ẹ tó mọ èyí tó gbé òrùlé ró.”
Ẹnìkan pàtẹ́wọ́. Ẹnìkan pòṣé.
Doreen ní ta ló fẹ́ ṣúgà.

Àbá dé. Àtúnṣe gun àbá,
àtúnṣe àtúnṣe tún gun àtúnṣe lẹ́yìn,
títí a ò fi mọ ohun tí à ń dìbò lé lórí mọ́,
àfi Ellis Tattersall, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún,
tó há òfin ẹgbẹ́ sórí
bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ń há orúkọ agbábọ́ọ̀lù.

A ka ọwọ́: mẹ́tàlá, mẹ́tàlá.
Wilf Ogden wà nínú méjèèjì.
Ó ti yọ ẹ̀rọ ìgbọ́ràn létí nítorí ariwo,
ó rò pé bísíkíìtì la ń pín.
Wọ́n ní kó yan ọ̀kan.
Ó wò wá, ó wò wá.
“Lọ́dún tí mo wọ ẹgbẹ́, igba la jẹ́,
a sì kórìíra ara wa ju báyìí lọ.
Ṣùgbọ́n a máa ń pín ìwé.”
Ó wọ kóòtù rẹ̀, ó lọ.

Ìwé! Ẹgbẹ̀rún méjì, nínú páálí lábẹ́ àtẹ̀gùn,
tí ọ̀rinrin ti ń lá létí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, òjò.
Òjò Todbeck kì í rọ̀ sílẹ̀, ńṣe ló ń rọ̀ mọ́ni.
Clifford gba apá òsì òpópónà Mill Brow,
Rukhsana gba ọ̀tún. Wọn ò kíra.
Gbogbo ihò lẹ́tà ibẹ̀ ló léyín:
òmíràn wà nísàlẹ̀ débi pé o máa kúnlẹ̀ fún un,
òmíràn ní ajá lẹ́yìn.
Ní nọ́ńbà mọ́kànlélógójì, ajá bu Clifford níka.

Rukhsana ló sọdá.
Ó já ríbọ́nì pupa láyà ara rẹ̀, ó fi dì í.
“Mi ò ní dìbò fún yín o.”
“Mo mọ̀. Dì í le sí i.”

Obìnrin ilé náà jáde pẹ̀lú bàtà ìyẹ̀wù lẹ́sẹ̀.
Kò bèèrè ajá, kò bèèrè ìka.
Ó ní iná ẹ̀yìnkùlé àwọn ti kú láti oṣù kọkànlá,
ọmọ òun ń bẹ̀rù àtigbà bẹ̀ wálé,
ta nínú yín ló ń rí sí iná?
“Èmi ni,” ni wọ́n jọ dá a lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà,
wọ́n sì kọjú síra wọn, ìjà tún bẹ̀rẹ̀,
pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, nínú òjò,
ọwọ́ ọ̀kan ṣì wà lọ́wọ́ èkejì.

Mo kọ ọ́ sínú ìwé ìṣirò:
ríbọ́nì, ẹyọ kan. Kò sówó tó jáde.

Ìbò di Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀.
Tọ̀tún tòsì ti ń pe Wilf lórí fóònù.
Ẹ̀rọ etí rẹ̀ wà lórí tábìlì,
lẹ́gbẹ̀ẹ́ páálí ìwé kan tó ń gbẹ níwájú iná.